Bí tọ́ọ̀ntébù rélùwéè ṣe bẹ̀rẹ̀, títí tó fi dórí tábìlì n'Ífẹ̀

Rélùwéè ò dé Ilé-Ifẹ̀ rí, kò sì dé Iléṣà. Láti Èkó ló ti gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, nígbà tó tún máa kúrò n'Ìbàdàn ó gba ọ̀nà Ìwó àti Ẹdẹ já s'Óṣogbo lọ́dún 1907, ó yà wá sílẹ̀ báyẹn. Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ wọkọ̀ ojú irin, Òṣogbo náà ló máa lọ. Ìyẹn ni ò ṣe yà mí lẹ́nu pé téèyàn bá pe tọ́ọ̀ntébù níbí, giramafóònù ló ń sọ sí àwọn ará ilé lọ́kàn.

Tọ́ọ̀ntébù tí mò ń wí, ìyẹn àwo tàbí afárá irin tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ ojú irin padà, kí ẹ̀ńjìnnì tó ń fi sítíìmù rìn tiẹ̀ tó dáyé ni wọ́n ti ń lò ó níbi tí wọ́n ti ń wa èédú àti òkúta lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Wágọ́nù kékeré ni nígbà yẹn, èèyàn àbí ẹṣin ló ń fà á, ojú irin ò sì ráàyè yí kọ́nà níbi tó há, ni wọ́n bá tẹ́ àwo irin kan sílẹ̀, wágọ́nù kan á gorí ẹ̀, wọ́n á fọwọ́ yí i, á bọ́ sójú irin míì. Àìsí àyè ló bí i, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì dé, ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀. Ẹ̀ńjìnnì sítíìmù máa ń wọ́ tẹ́ńdà sẹ́yìn, inú ẹ̀ ni èédú àti omi máa ń wà, iwájú nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Tó bá ń fẹ̀yìn rìn, tẹ́ńdà á dí dírẹ́bà lójú, eruku èédú á tún máa fẹ́ sí i lójú, kò wá ní lè sáré bó ṣe yẹ kó sáré. Torí náà tó bá ti dé ibi tó ń lọ wọ́n gbọ́dọ̀ yí i padà. Ẹni tó nílẹ̀ rẹpẹtẹ á ṣe ojú irin onígun mẹ́ta, ẹni tí ò ní á gbẹ́ kòtò róbótó, á gbé afárá irin dábùú ẹ̀, á fi ọ̀pá kan gbé e dúró láàárín. Ní Derby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n kọ́ ilé róbótó kan lọ́dún 1839 tí tọ́ọ̀ntébù wà láàárín ẹ̀ tí àwọn ẹ̀ńjìnnì tò yí i ká, ilé yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé èèyàn méjì lè fọwọ́ ti ẹ̀ńjìnnì tọ́ọ̀nù 100 kó sì yí. Dírẹ́bà á máa sún un síwájú sẹ́yìn títí ìwọ̀n ẹ̀ á fi dọ́gba lórí ọ̀pá àárín, tó bá ti dọ́gba báyìí ó parí, kò sí wàhálà. Dídúró ló le jàre! Tí irin orí afárá ò bá kojú tilẹ̀ dáadáa ẹ̀ńjìnnì á jábọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti irin kan bọ ihò láti há afárá mọ́bẹ̀ kí dírẹ́bà tó gbéra. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì dísù tó ní ojúkò dírẹ́bà níwájú àti lẹ́yìn wá dé, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ntébù ò níṣẹ́ mọ́.

Ti ìṣeré ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì ló gbé rélùwéè ìṣeré tó ní ìwọ̀n pàtó wá síbi ìpàtẹ Leipzig lọ́dún 1891, látìgbà yẹn lèèyàn ti lè ra díẹ̀díẹ̀ kó máa fi kún un. Ilé iṣẹ́ Hornby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1920, ó tún gbé èyí tó kéré sí i jáde ní 1938. Tábìlì ò láàyè tó ilẹ̀, ọ̀rọ̀ wá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn awakùsà, àìsí àyè. Àwọn kan ń ra tọ́ọ̀ntébù, àwọn kan sì ń fi pákó kàn án fúnra wọn, wọ́n á gé ihò sétí àwo tó wà lábẹ́ ẹ̀ kí nǹkan lè máa há síbẹ̀ tí wọ́n bá ń fọwọ́ yí i.

Tiwa tá a ṣe n'Ífẹ̀ níbí, kò síbi tá a ti máa rí i rà, torí láti irin kan sí ìkejì lójú irin Nàìjíríà àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ni. Nínú ìwọ̀n HO, ìyẹn ọ̀kan lára ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe rélùwéè ìṣeré, mìlímítà 3.5 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ ojú irin wa á jẹ́ mìlímítà 12 àti díẹ̀, tọ́ọ̀ntébù ẹsẹ̀ bàtà 60 á sì jẹ́ mìlímítà 210, ìbú ìwé A4 gẹ́lẹ́. Kafíńtà gé plywood fún wa, bíárìn ọ̀kadà ló wà láàárín, ìyẹn ò ṣòro. Mọ́tò tó máa yí i ló kù. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ní Lágéré ní ká lọ tú ti giramafóònù, mo ní ẹ̀gbọ́n, ìgbà bíi 33 nìyẹn ń yí ní ìṣẹ́jú kan o, ẹ̀ńjìnnì á gba ojú fèrèsé jáde!

Stepper motor, ìyẹn mọ́tò tó ń yí ní ìgbésẹ̀ kéékèèké, la lò, inú àwọn príńtà tó ti kú làwọn èèyàn ti ń tú u, wọ́n sì pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fotokópì. Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ n'Ítálì ní 2005, ló ń darí ẹ̀. Tí mọ́tò bá ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kó tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìgbésẹ̀ kan á jẹ́ mìlímítà 3.3 létí àwo, ìyẹn ti pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì ò ní wọlé. Ẹ pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, ó di mìlímítà 0.2, ẹ wá lẹ mágnẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ abẹ́ afárá kí sẹ́ńsọ̀ lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Iná nìkan ló tún kù. Tí afárá bá yí dé ìdajì, irin ọ̀tún ti di tòsì nìyẹn, pósítíìfù á kan nẹ́gátíìfù, ó di ṣọ́ọ̀tì. Òrùka kọ́pà tí wọ́n gé sí méjì la fi sábẹ́ ẹ̀, iná á máa pààrọ̀ fúnra ẹ̀ bó ṣe ń yí. Àwọn tó ń lo ojú irin Märklin ò mọ wàhálà yìí, torí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iná kan náà ló wà nínú wọn, àárín ni ìkejì ń gbà, àmọ́ mìlímítà 16.5 ni tiwọn, ẹ̀ńjìnnì tiwa ò lè dúró lórí ẹ̀.