Ilé Igi Àtijọ́ ní Abúlé Japan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Gba Oúnjẹ àti Ibùsùn

Ní ọdún 2023, ìwádìí tí ìjọba Japan máa ń ṣe lọ́dún márùn-ún márùn-ún lórí ilé gbígbé fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 ilé ló ṣófo nílẹ̀ náà. Nínú 100 ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14. Akiya ni wọ́n ń pe ilé tí kò ní olùgbé. Lára wọn, ní ìgbèríko, ni àwọn kominka wà, ilé onígi ńláńlá tí àwọn baba ńlá kọ́, tí àwọn ọmọ wọn fi sílẹ̀ lọ wáṣẹ́ ní Tokyo àti Osaka. Àwọn ilé wọ̀nyí ni àlejò láti òkè òkun máa ń lọ bá wọn tún ṣe, tí wọ́n á máa sùn níbẹ̀, tí wọ́n á máa jẹun níbẹ̀, láìgba kọ́bọ̀.

Òfin owó orí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà lóòró. Bí ilé gbígbé bá wà lórí ilẹ̀ tí kò ju 200 mítà onígun mẹ́rin lọ, ìdá kan nínú mẹ́fà iye ilẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé owó orí lé. Ẹni tó bá wó ilé náà pàdánù ẹ̀dínwó yìí, nítorí náà àwọn ajogún á kàn ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àtúnṣe òfin ọdún 2023 ti wá fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti gba ẹ̀dínwó náà lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ́ kí ilé bàjẹ́, ara sì ti ń kán àwọn onílé. Àwọn kominka kan wà tí wọn ò wọ́n ju ọkọ̀ àlòkù lọ.

Rírà á ò le. Títún un ṣe ló le. Àwọn káfíńtà tó mọ iṣẹ́ àtijọ́ ti ń dàgbà, wọn ò sì pọ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, abúlé ló ń ṣe é. Ní Shirakawa-go, agbègbè Gifu, tí àwọn ilé olórùlé koríko rẹ̀ wọ ìwé ohun àjogúnbá UNESCO ní 1995, yui ni wọ́n ń pe àṣà náà: bí òrùlé ẹnì kan bá gbó, gbogbo abúlé á jáde, wọ́n á ká koríko àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi tuntun bò ó, lọ́jọ́ tó bá kan ẹlòmíràn, onítọ̀hún náà á jáde. Ẹni tó bá mọ àáró mọ èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́ bá tán lábúlé, ta ni yóò san àáró? Àyè yẹn ni olùyọ̀ǹda ara ẹni wá dí. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà, òun ló sì gbé gbogbo ètò náà ró: àlejò kò ní òrùlé kankan ní abúlé yẹn tí wọn yóò wá bá a bò lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san tirẹ̀, ní oúnjẹ, ní ibùsùn, àti ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Onílé tó bá fún àlejò lóúnjẹ àti ibùsùn, tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pàdé ò díjú. WWOOF, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní England ní 1971, tó sì dé Japan ní 1994, ń so àlejò pọ̀ mọ́ oko tí kì í lo kẹ́míkà. Kominka ni púpọ̀ nínú àwọn olóko náà ń gbé, iṣẹ́ ilé á sì máa bá iṣẹ́ oko rìn. Workaway, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àlejò àti onílé ti ń wá ara wọn, gbòòrò ju ìyẹn lọ. Àlejò á san owó ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún, á ka ohun tí onílé kọ nípa ilé rẹ̀, á kọ̀wé sí i, wọ́n á sì jọ fẹnu kò. Ohun tí Workaway là kalẹ̀ ni nǹkan bíi wákàtí 5 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀.

Ẹrù ni iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tó ti wà ní títì fún ogún ọdún kún fún aṣọ, àwo àti fọ́tò àwọn tó ti kú. Ó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ kó o. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ká ẹní tatami, wọ́n á ṣí pákó ilẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ òpó. Orí òkúta ni òpó kominka dúró lé, igi sì kọ́ igi ní oríkèé pẹ̀lú ìṣó díẹ̀ tàbí láìsí ìṣó rárá, kí ilé lè mì bí ilẹ̀ bá ń mì. Ẹsẹ̀ òpó yìí ni omi àti ikán máa ń kọ́kọ́ jẹ. Káfíńtà kì í sábà yọ odindi òpó: á fi jáàkì gbé ilé sókè díẹ̀, á gé ibi tó jẹrà, á sì fi igi tuntun kọ́ èyí tó kù. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn. Ti àlejò ni kó gbé igi, kó gbẹ́ ilẹ̀, kó nu ìtí igi àjà tí èéfín ààrò ti sọ di dúdú. Èéfín yẹn kan náà ló ti ń lé kòkòrò fún igi láti ọdún pípẹ́.

Ìdí ògiri ni àlejò ti ń kọ́ iṣẹ́ jù. Wọ́n á fi okùn di ọparun pọ̀ ní ìbú àti ní òró láàárín òpó méjì. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ koríko ìrẹsì gígé, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan kó lè lẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọparun. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi shikkui rẹ́ ẹ, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko àti omi ewéko inú òkun pò. Sìmẹ́ǹtì ì bá yá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ ilé náà. Láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Keje, òjò kì í dá. Amọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mu, á sì tún tú u sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì á há a mọ́ igi, igi á jẹrà, ikán á wọlé. Wáyà iná kì í ṣe iṣẹ́ àlejò rárá: òfin ní ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló lè ṣe é.

Ní àfonífojì Iya, ní erékùṣù Shikoku, ará Amẹ́ríkà kan, Alex Kerr, ra ilé olórùlé koríko ní 1973, ó sì sọ ọ́ ní Chiiori. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni fi ń wá bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ní báyìí, àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó sùn níbẹ̀.

Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ní ìlànà tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń dúró sí. Èèyàn á wẹ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó wọ inú omi gbígbóná, torí omi kan náà ni gbogbo ilé yóò wọ̀. Ní aago 10 àti aago 3, irinṣẹ́ á dúró, tíì á dé. Ìdí tíì yẹn ni àgbà káfíńtà ti ń sọ̀rọ̀ jù, kí àlejò má sì fi fóònù pa àkókò náà. Kominka tutù gan-an nígbà òtútù, ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé ló dára jù fún ẹni tí òtútù kò mọ́ lára.

Físà ló ń ba ètò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ owó, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àti ibùsùn tí wọ́n fi dípò iṣẹ́ lè di owó iṣẹ́ lójú aṣọ́bodè. Ó yẹ kí èèyàn bi ẹ́ḿbásì Japan léèrè, kó má fi ọ̀rọ̀ onílé nìkan ṣe. Físà kan wà tí wọ́n ń pè ní working holiday, tó gba ọ̀dọ́ láyè láti rìnrìn àjò kó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó, tó wà láàárín ọdún 18 sí 30, lè béèrè fún un. Nàìjíríà, Amẹ́ríkà àti Brazil ò sí nínú àdéhùn náà. Ní oṣù Kẹjọ 2025, nígbà tí JICA, àjọ ìjọba Japan tó ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ètò ìdàgbàsókè, yan ìlú Kisarazu ní Japan láti máa bá Nàìjíríà ṣe pàṣípààrọ̀, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Japan ti dá físà àkànṣe sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ìjọba Japan sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, JICA fagi lé ètò náà. Ẹni tó bá ń ta irú físà bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má fún un lówó.

Kí àlejò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó gba ìdáhùn onílé lórí ìwé: wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, yàrá tí yóò sùn sí, ẹni tí yóò máa dáná, àti ẹni tí yóò máa darí iṣẹ́. Kó ra ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó gba iṣẹ́ ọwọ́ wọlé, torí ìnṣọ́ránsì tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kì í bo ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́. Onílé tí kò bá fẹ́ dáhùn, kí àlejò wá òmíràn.