Pátì ọkọ̀ àtijọ́ láti òkè òkun: ibo gan-an ni owó ibodè ti ń dínkù?

Mo ra kábúrétọ̀ ọkọ̀ ọdún 1967 láti òkè òkun, owó gọbọi ni wọ́n sì ní kí n san nígbà tó dé. Ṣé bí owó ibodè ṣe máa ń wọ́n tó nìyẹn?

Kì í ṣe owó ibodè nìkan lẹ san. Owó mẹ́ta ló gun ara wọn léjìká: owó ibodè, VAT tí wọ́n ṣírò lórí ọjà àti owó ibodè pa pọ̀, àti owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tó bá yín san méjèèjì sílẹ̀. Ní Britain àti ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, owó ìfiránṣẹ́ àti adójútòfò wà lára iye tí wọ́n ń ṣírò lé. Amẹ́ríkà ń yọ ìyẹn kúrò ní tiẹ̀.

Ká ní ẹ wà ní Britain, pátì jẹ́ 1,000 pọ́n-ùn, ìfiránṣẹ́ jẹ́ 200, owó ibodè jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, VAT sì jẹ́ ìdá 20. Owó ibodè di 48. VAT lórí 1,248 di 249.60. Owó ibodè tí gbogbo wa ń bú kò tó ìdá kan nínú márùn-ún VAT.

Ṣé kí n ní kí ẹni tó tà á kọ iye tó kéré, tàbí kó kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni?

Ẹ má ṣe é. Irọ́ pípa fún aṣọ́bodè ni, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀: bí pátì bá sọnù lọ́nà, iye kékeré tí ẹ kọ ni adójútòfò máa wò.

Kí ló wá ń dín in kù ní tòótọ́?

Nọ́ńbà tí wọ́n fi pe ọjà náà. Láti ọdún 1988 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń lo ètò nọ́ńbà kan náà, tí díjíìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ bára mu káàkiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 8708 ni gbogbo pátì ọkọ̀ ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kábúrétọ̀ wà ní 8409, iná iwájú ní 8512, gíláàsì iwájú ní 7007, bíárìn ní 8482, táyà tuntun ní 4011, owó wọn kò sì dọ́gba. Bí òǹtajà bá kọ "pátì ọkọ̀" lásán sórí ìwé, akọ̀wé tí kò rí ọkọ̀ yín rí ló máa yan nọ́ńbà tó bá wù ú.

Èyí tó dùn jù ni 9705, nọ́ńbà àwọn ohun àkójọ. Yúróòpù gbà kí pátì wọ ibẹ̀ bó bá jẹ́ ojúlówó ti ọkọ̀ àkójọ, tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, tí wọn kò sì ṣe é mọ́. Ní Britain, ohun tó bá wọ 9705 kì í san owó ibodè, VAT rẹ̀ sì ń já sí ìdá 5. Lórí àpẹẹrẹ wa, 297.60 á di 60. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ lọ́dún tó kọjá kò wọlé, bó ti wù kó jọ ti àtijọ́ tó. Ẹ ní kí òǹtajà kọ ọdún tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára pátì náà àti "ojúlówó" sórí ìwé ọjà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Mo rà á lọ́wọ́ ará Jámánì. Ṣé àdéhùn Yúróòpù àti Britain, tó ń yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ ara wọn, kò ní gbà mí?

Ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti tà á. Pátì tí wọ́n ṣe ní Taiwan kò di ti Jámánì torí pé ó sùn ní ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Yúróòpù lóòótọ́, ẹ ní kí òǹtajà kọ gbólóhùn ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é sórí ìwé ọjà. Láìsí gbólóhùn yẹn, ẹ lè san án bí ẹni tí kò ní àdéhùn kankan.

Ẹ́ńjìnnì mi ń lọ fún àtúnṣe lókè òkun, á sì padà wá ńkọ́?

Ẹ sọ fún aṣọ́bodè *kó tó jáde*. Ọ̀pọ̀ ibodè ní ètò tí ẹ fi ń san owó lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i nìkan. Bí ẹ bá dákẹ́, tó bá ń wọlé padà, bí ọjà tuntun ni wọ́n á ṣe kà á.

Bí pátì bá pọ̀, ṣé kí wọ́n kó wọn sínú páálí kan ni àbí mẹ́ta?

Kan, lọ́pọ̀ ìgbà, torí orí páálí kọ̀ọ̀kan ni owó iṣẹ́ akẹ́rù ń wá. Ẹ ṣọ́ra fún páálí ńlá tó ṣófo: ọ̀pọ̀ akẹ́rù máa ń fi gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á fi 5,000 pín in, wọ́n á sì pe èsì rẹ̀ ní kílò. Bọ́ńpà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lè wúwo ju ẹ́ńjìnnì lọ lórí ìwé.

Wọ́n ti gba owó jù lọ́wọ́ mi. Ṣé ó ti tán?

Kò tíì tán. Ní Yúróòpù, ọdún mẹ́ta lẹ ní láti béèrè èyí tí wọ́n gbà jù. Ìwé ọjà, fọ́tò àti ìwé tí akẹ́rù fi kéde ọjà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ má ju páálí yẹn nù pẹ̀lú ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn.