CAST àti DECIMAL: bí odidi nọ́ńbà ṣe ń di onídẹ́símà nínú SQL

SQL ni èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀; PostgreSQL, SQL Server àti SQLite wà lára àwọn ètò dátábéèsì tó ń lò ó. Ẹ kọ SELECT 7/2 (ìyẹn, ẹ pín 7 sí 2) sínú PostgreSQL. Ohun tí yóò dá yín lóhùn ni 3. SQL Server á ní 3, SQLite náà á ní 3. Ààbọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé e ti wọgbó lọ, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan pé ohunkóhun sọnù.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà inú dátábéèsì ló ní irú tirẹ̀. INTEGER jẹ́ odidi, kò láyè fún ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn àmì dẹ́símà. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, bí odidi bá pín odidi, odidi náà ni wọ́n á bí. Wọn kì í sún un sí nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù o, gígé ni wọ́n ń gé e: 19/10 á di 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó pé 2.

Ibi tó ti ń dunni jù ni ìṣirò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní 3 nínú iṣẹ́ 8 ló ti parí. Bí a bá kọ 3/8*100, òdo la óò rí, torí pé 3/8 ti di 0 kí 100 tó dé.

CAST ni SQL fi ń sọ irú kan di òmíràn. DECIMAL ni irú nọ́ńbà onídẹ́símà:

CAST(iye AS DECIMAL(10,2))

10 ni àpapọ̀ gbogbo díjíìtì tí a fàyè gbà. 2 ni èyí tó máa wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé 10 wà níwájú, 2 wà lẹ́yìn. Rárá, inú 10 náà ni 2 wà, 8 ló kù fún iwájú. Ìdí nìyẹn tí DECIMAL(5,2) kò fi lè gbà ju 999.99 lọ. Ẹ fún un ní 1000, PostgreSQL á kọ̀ jálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ fi CAST sí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo méjì yìí:

CAST(7/2 AS DECIMAL(10,2))
CAST(7 AS DECIMAL(10,2))/2

Ti àkọ́kọ́ á mú 3.00 wá, ti èkejì á mú 3.5. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ti pín in, wọ́n ti gé e, kí CAST tó débẹ̀. Omi ti dànù kó tó gbé igbá dé. Lójú tèmi, 3.00 yẹn burú ju 3 lásán lọ, torí ó múra bí ìdáhùn tó péye. Bí òdo bá tò gbọọrọ lẹ́yìn 3.5, ẹ lè fi CAST mìíràn yí gbogbo rẹ̀ ká, ìyẹn kò ní pa á lára mọ́.

Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ti jẹ́ onídẹ́símà kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀, ó tó. Ìyẹn làwọn kan fi ń kọ 7/2.0 tàbí 7*1.0/2. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ 1.0 máa ń jọ àṣìkọ lójú ẹni tó bá kà á lẹ́yìn, kò sì ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi yọ ọ́ kúrò.

Ìwà àwọn ètò dátábéèsì kò dọ́gba ṣá. MySQL, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, á ní 3.5000 fún 7/2 láìsí CAST; DIV ló ń lò fún ìpín olódidi. Nínú MySQL àti SQL Server, DECIMAL tí a kò kọ iye sí lẹ́yìn kò ní àyè kankan lẹ́yìn àmì, nítorí náà 3.7 á di 4. Ti SQLite tún yàtọ̀: CAST(7 AS DECIMAL) á ṣì jẹ́ odidi, REAL, irú onídẹ́símà tirẹ̀, ni kí ẹ lò níbẹ̀.

AVG, tó ń wá àárín àwọn nọ́ńbà, náà ń dá irú ọgbọ́n yìí nínú SQL Server. Bí òpó bá jẹ́ INT (ìgékúrú INTEGER), àárín 4 àti 5 á jẹ́ 4. Inú AVG ni CAST máa wà, kì í ṣe ìta rẹ̀:

AVG(CAST(maaki AS DECIMAL(10,2)))