Ṣájà ò bàjẹ́ o, sẹ́ẹ̀lì bátìrì ni ò dọ́gba

Tí balance charger (ṣájà tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì dọ́gba) bá ṣàdédé dá dúró, tó ń ké pípí-pípí, tó kọ error síta, ṣájà lèèyàn máa kọ́kọ́ bú. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹjọ́ bátìrì ló ń rò.

Bátìrì lithium 3S kì í ṣe ẹyọ kan, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni wọ́n so tẹ̀léra wọn. LiPo (irú bátìrì lithium kan) tó bá ti kún, sẹ́ẹ̀lì kan ò gbọdọ̀ kọjá 4.2 volt, tí wọ́n bá ń lò ó kó má lọ sísàlẹ̀ 3.0. Wáyà méjì tó nípọn lára bátìrì ni iná ń gbà wọlé, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú púlọ́ọ̀gì kékeré ni ṣájà fi ń wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ti sáré ju àwọn yòókù lọ, ṣájà á máa fa díẹ̀ lára ẹ̀, á fi resistor (èyí tó ń sọ iná di ooru) jó o dànù (ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀ fi máa ń gbóná), kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè bá a.

Àmọ́ èyí tó ń fà yẹn ò tó nǹkan o, bíi 200 mA (ìwọ̀n bí iná ṣe ń sàn) báyìí lórí àwọn ṣájà kékeré. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan fi 500 mAh (ìwọ̀n iye iná tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) ṣáájú, wákàtí méjì ààbọ̀ rèé kó tó dọ́gba, ọ̀pọ̀ ṣájà sì ní iye àkókò tí wọ́n fún un, ìyẹn á pé, á kọ error, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́.

Mítà ni kéèyàn mú. 3S ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin: ẹnu dúdú sórí wáyà dúdú, ẹnu pupa sórí èyí tó tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì kìíní nìyẹn, kí wọ́n wá sún méjèèjì síwájú lẹ́yọ-lẹ́yọ (ẹ rọra, tí irin bá kan wáyà méjì pọ̀, iná á ta pàrà). Ká ní mítà ka 4.10, 4.11, 3.62, tí ṣájà náà sì ka bẹ́ẹ̀, ṣájà mọṣẹ́ ẹ̀. Tí mítà bá ka 4.10 tí ṣájà ní òdo, wáyà ti já tàbí irin inú púlọ́ọ̀gì ti dípẹtà. Àfi tí bátìrì mìíràn tó dáa bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ tó kan ṣájà.

Èyí tó le jù ni sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan 2600 mAh, ọ̀kan 2000, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan ògbólógbòó. Àwọn tó ń tú 18650 (sẹ́ẹ̀lì lithium roboto) lára bátìrì láptọ́ọ̀pù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣájà lè mú gbogbo wọn dé 4.2, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kékeré yẹn á ti gbẹ dé 3.0 nígbà tí àwọn yòókù ṣì lókun nínú. Kò sí ṣájà tó lè sọ 2000 di 2600.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá kàn rẹlẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè fi mode LiPo 1S (ti sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo), 0.2 A, ṣájì òun nìkan, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Tó bá dá sọ̀ kalẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan, ó ń jò nínú nìyẹn, kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ 2.5 tàbí tó ti wú, kí wọ́n má ṣájì ẹ̀ rárá. Àwọn kan máa ń fi mode NiMH (ti irú bátìrì mìíràn tí kì í ṣe lithium) tan ṣájà jẹ kó lè gbà á, ìwà wèrè ni, mode yẹn ò mọ̀ pé 4.2 wà, iná ló máa máa tì sí i.