Bàbá Wo Lẹ Ń Wí? Ìtàn Ẹbí Nínú Ẹjọ́ Ilẹ̀

Agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kejì bi ẹlẹ́rìí mi, bàbá àgbà kan, pé ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó. Bàbá gbé ọwọ́ lé pákó tó wà níwájú wọn, wọ́n ní, "Bàbá mi ni." Ògbufọ̀ kóòtù sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ọkùnrin tó bí wọn lọ́mọ ni. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìpẹ̀jọ́ wa sọ pé baba ńlá wọn, ìran mẹ́rin sẹ́yìn, ló dó síbẹ̀. Lójú kóòtù, ẹlẹ́rìí mi ti ta ko ẹjọ́ wa.

Bàbá kò purọ́. Lédè wa, ẹni tó bí wa, àbúrò rẹ̀, àti baba ńlá tí a kò bá láyé, bàbá wa ni gbogbo wọn. Èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì kí n tó kọ́ òfin, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe ní kóòtù. Ohun tí mo fi ṣe nìyí: nígbà tó kàn mí láti tún bi bàbá léèrè, mo ní, "Ẹ dákun bàbá, bàbá wo lẹ ń wí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, láti orí ọdẹ tó pàgọ́ sídìí ìrókò títí dé orí ara wọn. Wọn kò fo ẹnì kan.

Lọ́dún 1976, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Wàrí láàárín Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan ìwé. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 náà gbà kí a fẹnu sọ ìtàn ẹbí. Ṣùgbọ́n adájọ́ máa wádìí ta ló tẹ ilẹ̀ dó, bó ṣe dé ibẹ̀, bóyá igbó ló ṣán ni, ogun ló fi gbà á, àbí wọ́n ta á lọ́rẹ, àti ta ló jẹ tẹ̀ lé ta títí ó fi kan yín. Bí ẹnì kan bá sọnù láàárín, ìtàn já nìyẹn.

Bí ìtàn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ta ko ara wọn, ìlànà ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie là ń lò, èyí tó ti Gánà òde òní dé Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1957: kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó wà láyé. Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ta ló gbin kòkó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́kun?

Nítorí náà, ẹ gba ohùn àwọn àgbà sórí fóònù kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà hun ìtàn fún yín. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí i. Ẹ má sì fo àwọn ìyá dá. Nínú ẹjọ́ kan, orúkọ kan sọnù láàárín olórí ẹbí kẹta àti ìkarùn-ún, àwọn ọkùnrin ilé kò rántí. Ìyàwó ilé kan tó ti darúgbó ló ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ tí orúkọ náà fi jáde. A lọ bi àwọn tó bá ẹbí náà pààlà. Àwọn náà mọ̀ ọ́n.