Àwòrán Nínú Ikùn Lẹ́tà: Ibi Tí Iṣẹ́ Náà Ti Ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ àwòrán ló gbà pé Photoshop ló bí àṣà kíkó fọ́tò sínú lẹ́tà, èyí tí a fi ń kọ orúkọ èèyàn gàdàgbà, tí ojú rẹ̀ àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ yóò sì máa yọ láti inú orúkọ náà. Kò gba àríyànjiyàn púpọ̀ láti rí i pé èrò yìí kò tọ̀nà: Photoshop kò tíì pé 40 ọdún, iṣẹ́ náà sì ti lé ní 1,200 ọdún.

Ilé àwọn mọ́ńkì ní Wearmouth àti Jarrow, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo gbà pé ó ti ṣẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ da ìtàn ìjọ tí Bede, mọ́ńkì ibẹ̀, kọ sínú ìwé kan ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹjọ. Ìwé náà wà ní St Petersburg ní Rọ́ṣíà lónìí, ọkùnrin kan sì wà nínú lẹ́tà H rẹ̀ tó mú àgbélébùú àti ìwé dání. Ẹnìkan kọ orúkọ Augustine sí i lára nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé Póòpù Gregory ni. Ní ọ̀rúndún kan náà, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayàwòrán mìíràn ya Dáfídì àti Jónátánì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú sínú D tó bẹ̀rẹ̀ orin tí Bíbélì tiwa pè ní Orin Dáfídì 27, «Olúwa ni ìmọ́lẹ̀ mi».

Kí ló dé tó fi jẹ́ D? Èrò tèmi ni pé ikùn rẹ̀ fẹ̀ bí yàrá, àti pé ẹni tó ń kọ̀wé sórí awọ ẹran olówó ńlá kò ní fẹ́ kí àyè ṣófo. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀wé kà rí nǹkan kan dì mú lójú ìwé. «Historiated initial», orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti inú «historia» wá, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ìtàn. Lẹ́tà tó ń pìtàn ni. Àwọn kan ní inú ihò lẹ́tà ni àwọn mọ́ńkì ya àwòrán sí, kì í ṣe inú ẹran ara rẹ̀. A ó padà sórí ìyẹn.

Àwọn ará Jámánì ló sọ lẹ́tà di àpò àwòrán, nígbà tí wọ́n ń tẹ káàdì ìkíni «Gruss aus» («ìkíni láti») ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. N kò gbà pé ó ṣèèṣì ni pé ọmọ Jámánì ni Curt Teich, tó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Chicago ní 1898. Lórí káàdì rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ ìlú gba ibì kan nínú ìlú náà sínú, afárá nínú èyí, odò nínú òmíràn. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ló ń fi àwọ̀ kún un.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Thomas Knoll bẹ̀rẹ̀ Photoshop ní 1987, John àbúrò rẹ̀ bá a ṣe é, Adobe sì gbé e jáde ní 1990. Ní 1994 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to àwòrán lé orí ara wọn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́, èyí tó mú kí ó rọrùn láti gbé fọ́tò lé orí lẹ́tà kí ibi tí lẹ́tà dé nìkan sì hàn. Nínú CorelDRAW tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń lò, PowerClip ni orúkọ rẹ̀. Fóònù pàápàá ń ṣe é báyìí.

Ohun tó ṣì ń dá àwọn atẹ̀wé lágara ni lẹ́tà I tàbí nọ́ńbà 1, tí ojú èèyàn kò gbà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ya àwòrán sínú Bíbélì Winchester, Bíbélì àfọwọ́kọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kejìlá bá wàhálà yìí pàdé lára I tó bẹ̀rẹ̀ ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ó to àwòrán roboto 7 láti òkè dé ìsàlẹ̀, sínú ẹran ara lẹ́tà náà gan-an.