Hẹ́kítà ẹ̀gẹ́ mélòó ló wà ní Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù. Ẹni tó fẹ́ dá ilé gààrí sílẹ̀ lọ́nà Ìtóìkín ń béèrè rẹ̀ nítorí pé báńkì ní kó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń tọrọ owó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń sin ẹja fẹ́ mọ iye kòtò ẹja tó wà lágbègbè Nófọríjà kí wọ́n tó jọ dáwó ra oúnjẹ ẹja. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn láti ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́ náà ń wá a fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé òǹkà náà wà nínú fáìlì kan ní Aláùsá, pé ẹni tó mọ ọ̀nà ló kàn máa lọ gbà á wá.

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Òǹkà iṣẹ́ àgbẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà wà, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà wà, ṣùgbọ́n bí àdúgbò bá ṣe ń kéré sí i ni òǹkà tó ṣe é gbára lé ń ṣọ̀wọ́n sí i, torí owó àti èèyàn ni wọ́n fi ń ka nǹkan. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wá a máa rí ohun tó wúlò. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bi òǹkà yòówù tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́: èèyàn mélòó ni wọ́n bi léèrè níbi tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an?

Kó tó di ìyẹn, Ẹ̀pẹ́ wo là ń sọ? Ìlú Ẹ̀pẹ́ wà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ wà, ọ̀kan nínú 20 tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè mọ̀ ní Èkó. Láti 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti yọ LCDA méjì jáde lára rẹ̀, àwọn kánsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ìyẹn Erédò àti Ìkòsì-Èjìnrìn. Bákan náà ni Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn márùn-ún Èkó wà, èyí tó kó Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí mọ́ra. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni àwọn ìwé ìjọba àpapọ̀ ń lò, wọn kì í ka LCDA sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí òǹkà "Ẹ̀pẹ́" nínú ìwé ìjọba àpapọ̀, àwọn ará Erédò àti Èjìnrìn ti wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé láti ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tàbí ti kánsù, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìwé ètò okòwò tí ẹni tó kọ ọ́ fi iye ti Erédò kún ti Ẹ̀pẹ́, tó ka àwọn àgbẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tó wá fi àròpọ̀ yẹn pinnu bí ẹ̀rọ tó máa rà ṣe máa tóbi tó. Ẹ kọ ààlà tí ẹ̀ ń lò sílẹ̀ kí ẹ tó kọ òǹkà kankan.

Ọ̀dọ̀ àjọ NBS, tó ń bójú tó ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyẹn sì dára. Wọ́n ní ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní General Household Survey-Panel, tí àwọn àti Báńkì Àgbáyé jọ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2012, 2015, 2018 àti 2023. Iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n ń béèrè ohun tí ìdílé gbìn, bí oko ṣe fẹ̀ tó, ohun tí wọ́n kórè, iye tí wọ́n tà á. Ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì gba àkójọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: wọ́n mú agbègbè ìkànìyàn 500 káàkiri Nàìjíríà, ìyẹn àwọn àdúgbò kéékèèké tí wọ́n pín ilẹ̀ sí fún ìkànìyàn, wọ́n sì mú ìdílé mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdílé 5,000 nìyẹn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjọba ìbílẹ̀ tó wà jẹ́ 774, agbègbè tí wọ́n mú jẹ́ 500. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pín in tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ á fi rí ọ̀kan gbà. Ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orílẹ̀-èdè, irú bíi Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun fa òǹkà Ẹ̀pẹ́ yọ nínú rẹ̀ ti fi ẹnu ìwádìí náà sọ ohun tí kò sọ.

Ká tiẹ̀ ní agbègbè kan bọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ìdílé mẹ́wàá ni. Ká ní mẹ́rin nínú wọn gbin ẹ̀gẹ́. Ṣé a wá lè sọ pé 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé Ẹ̀pẹ́ ló ń gbin ẹ̀gẹ́? Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe yẹ, ohun tí èèyàn mẹ́wàá yẹn lè jẹ́rìí sí ni pé iye náà wà láàárín nǹkan bí 12 sí 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàfo yẹn fẹ̀ débi pé kò ran onílé gààrí lọ́wọ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ ìdílé 400 ni a fi kèké mú káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, tí 160 sì gbin ẹ̀gẹ́, 40 nínú ọgọ́rùn-ún náà ṣì ni, ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ ti dín sí nǹkan bí 35 sí 45. Òǹkà kan náà ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí ṣe é fi dá owó lé, ìyẹn kò ṣe é.

Ohun mìíràn wà tó ń tan àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Àkójọ náà ní ibi tí agbègbè kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ sún àmì náà kúrò lójú ibi tó wà gan-an, ó lè tó kìlómítà méjì ní ìgboro, ó sì lè tó márùn-ún ní ìgbèríko. Wọ́n ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni má bàa lè tọpasẹ̀ ìdílé tó dáhùn ìbéèrè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń ka oko ní ọdún márùn-ún-márùn-ún títí dé ìpele káúńtì, wọ́n máa ń bo òǹkà mọ́lẹ̀ bí oko tó wà ní káúńtì náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkà á fi tú àṣírí ẹnì kan. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ pé ohun tí òun sọ máa di ìwé owó orí kò ní sọ òótọ́ nígbà mìíràn.

Ibi tí èmi máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wò fún ìjọba ìbílẹ̀ ni ìkà àgbẹ̀ tí NBS ṣe ní 2022, tí wọ́n ń pè ní National Agricultural Sample Census. Agbègbè ìkànìyàn 40 ni wọ́n ṣètò láti wọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi 40 sọ 774 di púpọ̀, 30,960 ni. Ẹ wá fi ìyẹn wé 500. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde sọ̀rọ̀ lórí ìpínlẹ̀ jù, torí náà ẹ má kàn ka ìwé náà kí ẹ sì pa á dé. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ béèrè tábìlì ti ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sì béèrè iye ìdílé tí wọ́n kà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé irú iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìdílé ń ṣe ni ìkà yẹn mọ̀ jù, kì í ṣe bí ìkórè ṣe wúwo tó.

Ní ti ìpínlẹ̀, Lagos Bureau of Statistics wà ní Aláùsá lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣúná, wọ́n sì máa ń tẹ ìwé òǹkà àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jáde. Àwọn ADP tún wà, ètò ìpínlẹ̀ fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ LSADA ní Èkó. Àwọn ni mo gbà pé a kì í lò tó. Ètò ADP pín ilẹ̀ sí zone, ó pín zone sí block, ó pín block sí cell, òṣìṣẹ́ kan sì ló ń wo cell kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ yẹn lè mọ̀ pé bàbá kan ti ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé, pé ìyá kan ti fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ó ti bọ́ sí ẹ̀fọ́. Kò sí ìwé NBS tó lè sọ ìyẹn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bí ó ṣe mọ iye hẹ́kítà tó kọ: ṣé ó wọ̀n ọ́n, àbí àgbẹ̀ ló sọ fún un, àbí iye èṣí ló fi nǹkan díẹ̀ kún? Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ẹ má béèrè bí ọlọ́pàá. Cell kan lè fẹ̀ ju ohun tí ọ̀kadà òṣìṣẹ́ kan lè kárí lọ.

Bí ọ́fíìsì kan bá ń ní kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ padà wá, òfin ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ìjọba, tó ti wà láti 2011, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ náà. Ẹ dárúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ àti ọdún rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìròyìn lórí iṣẹ́ àgbẹ̀" kò ní ìdáhùn.

Àwọn kan máa ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á mú òǹkà ẹ̀gẹ́ gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n á pín in fún ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn. Bí a bá pín in bẹ́ẹ̀, Múṣín á ní ẹ̀gẹ́ ju Ẹ̀pẹ́ lọ. Ta ló ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Múṣín? Iye èèyàn náà tún ní ìjà tirẹ̀. Ìkànìyàn 2006 fún Ẹ̀pẹ́ ní 181,409, ó sì fún gbogbo Èkó ní 9,113,605, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní ohun tí àwọn kà lé ní mílíọ̀nù 17.5. Láti ìgbà yẹn, ìṣirò ìfojúdá ni gbogbo ohun tí ẹ bá rí.

Sátẹ́láìtì ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ máàpù gbà yín lọ́kàn. Sentinel-2, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, máa ń ya àwòrán ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, ojú kéékèèké (pixel) tó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan. Pulọ́ọ̀tì kan ní Èkó, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò gba ju nǹkan bí ojú méje lọ, etí rẹ̀ á sì ti dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Nígbà òjò, kùrukùru á bo ilẹ̀ lásìkò tí irúgbìn ń dàgbà gan-an. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí a gbìn pọ̀ kì í yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀, oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi sì lè jọ ìgbẹ́. Máàpù WorldCover ti 2021, tó ń fi ohun tó bo ilẹ̀ hàn, tọ̀nà ní nǹkan bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ti gbogbo ayé nìyẹn. MapSPAM, máàpù irúgbìn, ní tirẹ̀ ń pín òǹkà ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè sí ojú ilẹ̀ tó tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ lọ kà á. Ó dára láti mọ apá ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lọ. Ẹ má fi ṣe ẹ̀rí níwájú báńkì.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tó bá di abúlé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ̀yin fúnra yín ló máa kà á. Kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ìdílé tó ń dáko pẹ̀lú baálé àti ìyálọ́jà, kì í ṣe baálé nìkan, torí obìnrin tó ń dáko fúnra rẹ̀ kì í sí nínú ìwé baálé nígbà púpọ̀. Ẹ fi kèké mú àwọn tí ẹ máa lọ wọn oko wọn. Ẹ fi fóònù rìn yí oko ká. Ẹ yí gbogbo òṣùwọ̀n padà: éékà méjì àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀ ni hẹ́kítà kan, pulọ́ọ̀tì 15 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Fún ìkórè, ẹ ta okùn yí mítà márùn-ún sí márùn-ún ká níbi tí kèké bá mú, kì í ṣe níbi tí oko ti sanra jù. Ẹ wú u, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi 400 sọ ọ́ di púpọ̀. Kílò 25 níbẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ní hẹ́kítà.

Ẹja ọ̀sà yàtọ̀. Ọjà Olúwo kò lè sọ iye tí Ẹ̀pẹ́ ń pa, torí ẹja tí wọ́n tà níbẹ̀ lè ti ibòmíràn wá. Èbúté ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ka ọkọ̀, kí ẹ sì yan ọjọ́ mélòó kan nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti dúró wọn ohun tí wọ́n gbé wálé. Ká ní ọkọ̀ 60 ló wà, 40 ló ń jáde lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú kílò mẹ́jọ bọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ogúnjọ́ lóṣù: kílò 6,400 lóṣù nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja fúnra wọn ọjọ́ tí wọn kì í jáde, ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá wá ń kọ ọ́ sínú ìwé báńkì, ẹ kọ àlàfo, ẹ má kọ òǹkà kan ṣoṣo. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọdún, ààlà, iye ìdílé tí ẹ wọ̀n oko wọn, àti ẹni tó kà á. Kẹ́ ẹ sì fún òṣìṣẹ́ ADP tó ni cell yẹn ní ẹ̀dà kan, kí ẹni tó bá tún wá béèrè lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí ibi bẹ̀rẹ̀.